Sẹ̀gilọlá tí mò ń kà lọ́wọ́, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bí i

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà tèmi kì í ṣe torí epo tó wọ́n tàbí torí iná mànàmáná, àwọn tó ń kọ ìyẹn sí yín ti pọ̀ tó. Ìwé ìtàn tí mò ń kà lọ́wọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ó sì kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, ẹ máa rí i tẹ́ ẹ bá fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìwé Sẹ̀gilọlá ni. Orúkọ ẹ̀ gùn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Isaac Thomas ló kọ ọ́, òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ni olóòtú ẹ̀. Ọdún 1929 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a bọ̀ títí wọ 1930 kó tó wá kó gbogbo ẹ̀ jọ di ìwé. Àmọ́ ibi tó dùn sí ni pé kò gbé e jáde bí ìtàn o. Bí lẹ́tà ló ṣe gbé e jáde. Obìnrin kan tí àìsàn ti dá wó ló ń kọ̀wé sí olóòtú, ó ń tú gbogbo àṣírí ohun tó fi ayé ẹ̀ ṣe nígbà tí ẹwà ẹ̀ ń da Èkó rú, ó ní òun ò ní sọ orúkọ òun gan-an, kí wọ́n ṣáà máa pe òun ní Sẹ̀gilọlá. Olóòtú á tẹ̀ ẹ́ jáde, tó bá tún yá, obìnrin yẹn á kọ òmíràn. Àwọn ará Èkó gbà pé òótọ́ ni, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, àwọn kan tiẹ̀ fi owó ránṣẹ́ pé kí olóòtú bá àwọn fún un. Owó gidi, sí ẹni tó jẹ́ pé inú orí olóòtú nìkan ló ń gbé! Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ lọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, torí ọdún 1938 ni ti Fágúnwà tó wá jáde.

Ṣé ẹ ti wá rí i bó ṣe kàn yín báyìí? Ojú ewé tẹ́ ẹ̀ ń tẹ lẹ́tà àwa òǹkàwé sí lónìí yìí, irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn àròsọ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà tí mò ń kà, Karin Barber ló ṣètò ẹ̀, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù rí tó sì gbọ́ Yorùbá wọnú, ó gbé e jáde lọ́dún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi obìnrin ló bá mi yá a wá láti láíbìrì iléèwé wọn. Àkọtọ́ àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀, ojú máa ń bá a jà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó bá yá èèyàn ò rí i mọ́.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nípa ìwé yìí ni pé ìwé ìkìlọ̀ ni, pé kí ọmọbìnrin má bàa ṣe ìṣekúṣe ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Lóòótọ́ ó ń kìlọ̀, kì í sú u láti máa sọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ kà á dáadáa. Ibi tó bá ti ń sunkún, kì í pẹ́ parí. Ibi tó bá ti wá ń sọ̀rọ̀ faaji tó jẹ, orin tó gba ìgboro Èkó kan láyé ìgbà yẹn, bó ṣe ń yí ọkùnrin sọ́tùn-ún yí i sósì, ẹnu ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn débi pé á gbàgbé pé ẹkún lòun wá sun. Á tó wá rántí, á ní omijé ti bo òun lójú, á tún ní kí olóòtú má bínú, ló bá tún di ìtàn míì. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ìwé yẹn wà. Ẹni tó ń kábàámọ̀ tọkàntọkàn, tí ohun tó ń kábàámọ̀ ọ̀hún ṣì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, àbí ta ni ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ẹ̀dá èèyàn nìyẹn, kì í ṣe ìwàásù, ọdún 1929 sì ni ẹnì kan ti fi Yorùbá gbé e sójú ìwé báyẹn, tó yé e yékéyéké.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní ní Gbági níbí, n'Ìbàdàn. Tí ọjà bá ti dákẹ́ lọ́sàn-án, ìwé ni mo máa ń kà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Àmọ́ Sẹ̀gilọlá yìí ò ṣeé kà sínú, torí ńṣe ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bó ṣe di pé mò ń kà á sókè nìyẹn. Ìyá tó ń ta gèlè lápá ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ ní kí n gbóhùn sókè, àwọn ọmọ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ òdìkejì gbé àga wá, kó tó di ìrọ̀lẹ́ àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ìyá onígèlè ní fọ́nnu lásán ni obìnrin yẹn ń fọ́n, ó ní ẹni tó bá ronú pìwà dà kì í jókòó máa ka iye ọkọ tó fẹ́ fún ayé gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ní ká yéé bú u, pé ìyà ti jẹ ẹ́ tó, ojú ọmọ ọ̀hún ti pọ́n. Télọ̀ alára ò gbójú sókè látijọ́ tá a ti ń pariwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ lórí mẹṣíìnì, ìgbà tó yá ló kàn béèrè pé: "Àwọn ọkọ yẹn ńkọ́? Kí ló ṣe àwọn?" Gbogbo wa dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún wọn pé ọkùnrin ló kọ ọ́. Ìyá onígèlè fò dìde, ó ní irọ́ ni, ọkùnrin wo ló mọ inú obìnrin tó báyẹn! Ọmọ tó ń sunkún yẹn bínú gidi gan-an, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Mo ní ṣé kí n pa á dé? Ó ní rárá o, kí n máa kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ yẹn. Ibi tí mo kà dé báyìí, àwọn ọkùnrin tó ń kó owó tọ obìnrin yìí lẹ́yìn, tó jẹ́ pé òmíràn nílé ó lọ́nà, ìyà tó jẹ wọ́n ò ju kí àpò gbẹ kí ojú sì tì wọ́n. Òun nìkan ni àìsàn wá dá lẹ́jọ́. Thomas gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, ó mọ bí ẹnu obìnrin Èkó ṣe ń rìn, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọkùnrin ló di gègé mú, nígbà tí ìdájọ́ sì dé, orí obìnrin ló gbé e lé. Mi ò torí ìyẹn sọ ìwé náà nù o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ, kó jẹ́ kí ọmọ náà béèrè ìbéèrè télọ̀.

Ìwé kejì tí mò ń kà pọ̀ mọ́ ọn ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, ó jáde lọ́dún 1969. Mo ti kà á rí, mo tún ń kà á ni. (Ọdún 1929 tí Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bí Òkédìjí l'Ọ́yọ̀ọ́, bàbá náà sì re ibi àgbà ń rè lọ́dún 2019, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.) Ìtàn olè àti ọ̀daràn ni, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí tó sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń tọpasẹ̀ wọn, òun àti Tàfá Ìgìrìpá. Ẹni tó bá sọ pé ìwé Yorùbá ò lè mú kéèyàn gbàgbé oúnjẹ lórí iná, ẹ fún un ní ìwé yìí kẹ́ ẹ wá máa wò ó. Àmọ́ kì í ṣe eré ìjà inú ẹ̀ ló mú mi jù, òwe ni. Àwọn òǹkọ̀wé wa kan máa ń kó òwe jọ bíi pé wọ́n fẹ́ fi han ìyàwó ilé pé àwọn mọ̀ ọ́n, òwe á jókòó sójú kan, ìtàn á dúró dè é. Ti Òkédìjí kọ́ nìyẹn. Lẹ́nu àwọn èèyàn ẹ̀, àárín ìjà gan-an ni òwe ti ń jáde, wọ́n ń fi bú ara wọn, wọ́n ń fi dẹ́rù ba ara wọn, ẹni tí òwe ẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, ẹ ti mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ti fẹ́ rọ. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn níbí gan-an nìyẹn, ẹ wá gbọ́ àwọn awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jà sí èrò. Ohun tí èmi sì fẹ́ sọ, tí àwọn kan lè má fẹ́ gbọ́, ni pé mo gbà pé Òkédìjí mọ Yorùbá ẹnu ju ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wọn lọ, àní ju Fágúnwà lọ.

Mo mọ̀ pé ìyẹn máa bí àwọn èèyàn nínú. Fágúnwà lọ̀gá, kò sí àríyànjiyàn, ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ sókè ló máa mọ̀ pé ìlù wà nínú ẹ̀. Kàkó tó ń gbé kùmọ̀ kiri, Olóhùn-iyọ̀ tí ohùn ẹ̀ ń dá gbogbo nǹkan dúró, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún, mo ti ka àwọn wọ̀nyẹn fún àwọn ọmọ mi láti kékeré títí wọ́n fi ń kà á fún èmi náà. Àmọ́ tí àwọn ọdẹ yẹn bá ti dé Òkè Láńgbòdó, tí Ìrágbèje ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, èmi máa ń yára ṣí ewé o. Ẹ wá wò ó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé ka àwọn ọmọ iléèwé lójú. Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú orí yìí? Ẹ dárúkọ ẹ̀kọ́ márùn-ún. Mo bá ọmọ àbúrò mi ṣe àsáìnmẹ́ǹtì irú ẹ̀, ìbéèrè kan ò sí nínú ẹ̀ tó bi ọmọ náà pé ibo ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ibo lẹ̀rù ti bà ọ́, ta lo fẹ́ràn. Ọmọ yẹn kọ ẹ̀kọ́ márààrún, ó gba máàkì, kò sì tún ṣí ìwé Yorùbá kankan látìgbà yẹn.

Ohun tó ń ba kíkà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn, ohun tó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín náà nìyẹn. A ti sọ gbogbo ìwé ìtàn wa di oògùn. Sẹ̀gilọlá di ìkìlọ̀, Fágúnwà di ẹ̀kọ́, àwọn yòókù di ìdánwò WAEC. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń tàwé ní Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa bi yín ni pé kíláàsì wo lọmọ yín wà. Tí ìwé ò bá ti sí nínú sílábọ́ọ̀sì, ẹni tó ń tà á ò ní kó o wá, èmi ò dá a lẹ́bi, òun náà fẹ́ jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn Yorùbá lágbára ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ́dún 1974, Àjàní ọmọ yunifásítì tí ìyá ẹ̀ ń dà láàmú kó mú ìyàwó wálé, tí kò wá mọ èyí tí òun máa mú nínú Àṣàkẹ́ àti Lọlá àti Ṣadé. (Lójú tèmi, ọmọ yẹn ò yẹ ní ẹnì kankan nínú wọn.) Túndé Kèlání wá sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997, àwa tá à ń taṣọ ò ní gbàgbé ọdún yẹn títí láé. Ìró àti bùbá péńpé tí wọ́n wọ̀ nínú ẹ̀, gbogbo obìnrin ìlú ló ń béèrè ẹ̀, "ẹ bá mi wá aṣọ tí màá fi rán olékù", títí dòní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán an ò mọ̀ pé orúkọ ìwé ni. Ìwé kan ló wọ ìlú láṣọ báyẹn o.

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ibi tí mò ń lọ rèé. Ẹ bá wa dá ìtàn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ padà sínú ìwé ìròyìn. Ojú ewé kan péré, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lásìkò Thomas, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ l'Ékòó, Èkó Àkéte wà, Ẹlẹ́tí Ọfẹ wà, àwọn míì náà wà, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó máa ra tiwọn, Sẹ̀gilọlá ló ń mú àwọn èèyàn padà wá sọ́dọ̀ Thomas kí wọ́n lè gbọ́ ibi tọ́rọ̀ já sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọ ayé ìsìnyí ò ní ka nǹkan gígùn. Àwọn ọmọ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ yẹn, ojú fóònù ni wọ́n ti ń ka ìtàn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp, apá kìíní, apá kejì, ó lè dé ogójì, kò ní àmì ohùn, kò ní kọ́mà, tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fi ọjọ́ méjì pẹ́ wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè fún un. Ebi ìtàn ń pa wọ́n, oúnjẹ tó dáa ni wọn ò rí.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un, ẹ má fi orúkọ tẹ́ ẹ bá a tẹ̀ jáde san án lówó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú ìtàn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn, Ìjẹ̀ṣà kó sọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkó kó sọ ti Èkó, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì yín kó máa tún un ṣe sí ti ìwé kíkà. Ẹ fi àmì sí i, torí àwa tá à ń kà á sókè máa ń kọsẹ̀ tí kò bá sí. Ẹ dá a dúró níbi tó ti máa dun èèyàn pé ó dúró. Ẹ má kọ ẹ̀kọ́ inú ìtàn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì tẹ lẹ́tà àwọn tó bá kọ̀wé wá bá ẹni inú ìtàn jà, torí ìjà yẹn gan-an ni adùn ẹ̀.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì rí ẹni tó máa kọ tuntun, ẹ fi Sẹ̀gilọlá fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́, kẹ́ ẹ yí i sí àkọtọ́ òde òní. Ó ti tó kí ó padà sínú ìwé ìròyìn. Ẹ wá fi ọjọ́ tó máa máa jáde hàn wá lójú ewé iwájú, torí àwọn fẹ́ńdọ̀ tó ń gbé pépà wá sí ọ̀nà ìhín kì í wá lójoojúmọ́, a ó ti mọ ọjọ́ tá a máa ní kí wọ́n bá wa mú tiwa dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Ọjà Gbági, Ìbàdàn.